Orúkọ Oògùn Kọ́ Ni Iṣẹ́ Rẹ̀: Irorẹ́, Họ́mọ́nù àti Àwa Obìnrin

Bí dókítà awọ bá kọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, torí irorẹ́ tó bo ojú rẹ̀, wàhálà tó máa ń tẹ̀lé e nílé kì í ṣe kékeré. Ìyá á rí páálí oògùn nínú báàgì, á ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ọmọbìnrin mẹ́ta ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí ọ̀rọ̀ oògùn yìí kàn. Ọ̀kan ń tọ́jú tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Ìkejì ju tirẹ̀ nù ní ọjọ́ kejì tó gbà á, torí ẹnì kan sọ fún un pé kò ní lè bímọ mọ́. Ìkẹta ń lo tirẹ̀ déédéé, kò sì bìkítà fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ló ti rà á fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í bóyá túúlu máa ń ṣe é. Túúlu sì ń ṣe é.

Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, mo ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi sì dá lórí bí a ṣe lè kọ ìwé pélébé inú páálí oògùn ní Yorùbá tí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè kà kó sì yé e. Ibẹ̀ ni mo gbà kó sínú ọ̀rọ̀ irorẹ́. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé nínú oògùn oníhóró méjì tí àwọn dókítà ń lò jù fún irorẹ́ tó jẹ mọ́ họ́mọ́nù, kò sí èyí tó ń jẹ́ oògùn irorẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èkejì ń jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹyọ kan nínú iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ yẹn ni gbogbo wa sì ń bá jà.

Kí ló ń fa irorẹ́ gan-an?

Nílé wa, ẹ̀pà ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ọkọ lò ń wá. (Èyí máa ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sọ fún ọkùnrin tí irorẹ́ bo ojú rẹ̀ pé ìyàwó ló ń wá.) Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ nìyí. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, títí kan irun tín-ín-tìn-ín tí a kì í rí lójú obìnrin, àpò kékeré kan wà tó ń ṣe ọ̀rá tí awọ fi ń rọ̀. Bí ọ̀rá náà bá pọ̀ jù, tí awọ tó ti kú sì dí ẹnu ihò irun, ọ̀rá á há sínú. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé lára gbogbo wa, Cutibacterium acnes, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ara á gbógun tì í, ojú ibẹ̀ á wú, nígbà mìíràn á gbọyún. Lára awọ dúdú bíi tiwa, pípọ́n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àpá dúdú tó ń fi sílẹ̀ ló ń hàn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí irorẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé àpá yẹn gan-an là ń sunkún lé lórí.

Ta wá ni ó ń pàṣẹ fún àpò ọ̀rá náà? Àwọn họ́mọ́nù tí wọ́n ń pè ní androgen ni, testosterone sì wà lára wọn. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní họ́mọ́nù ọkùnrin, mi ò sì fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá, torí obìnrin náà ń ṣe wọ́n lára: ilé ẹyin ń ṣe wọ́n, àwọn ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín náà ń ṣe wọ́n. Bí ọmọbìnrin bá gbọ́ pé họ́mọ́nù ọkùnrin ló fa irorẹ́ òun, á rò pé òun kì í ṣe obìnrin tó pé. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní irorẹ́ wò, iye androgen tó wà níbẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ. Awọ wọn ló tètè ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Àmọ́ àwọn kan wà tí ti wọn ju bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan oṣù kò bá wá déédéé, tó ń fo oṣù méjì, mẹ́ta, tí irun ń hù ní àgbọ̀n tàbí láyà, tí irun orí sì ń re, ó yẹ kí dókítà wò ó bóyá àìsàn tí wọ́n ń pè ní PCOS ni. Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ojú dídán, torí ó lè kan ọmọ bíbí àti ìtọ̀ súgà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má fi ìpara bò ó mọ́lẹ̀.

Irorẹ́ tí họ́mọ́nù dá sí gan-an sábà máa ń wà ní àgbọ̀n, ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ọrùn. Ó máa ń le sí i bí nǹkan oṣù bá ku ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè máa yọ ẹni tó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu nígbà tí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun náà ni kí a kọ́kọ́ fi oògùn oníhóró bá jà. Ìpara benzoyl peroxide àti ti adapalene ni wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún irorẹ́ ni oríṣi tó ní họ́mọ́nù méjì nínú, estrogen àti progestin. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́, ó ń dín iye androgen tí ilé ẹyin ń ṣe kù. Èkejì, estrogen inú rẹ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe púpọ̀ sí i nínú ohun kan tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń di testosterone mú bí ìgbà tí ọlọ́pàá di olè mú. Testosterone tí wọ́n ti dì mú kò lè dé ọ̀dọ̀ àpò ọ̀rá kó pàṣẹ. Ọdún 1997 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún irorẹ́, Ortho Tri-Cyclen ni orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àrà tí dókítà kan dá lánàá.

Kò yára. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí ẹni tó ń lò ó tó rí ìyàtọ̀ gidi, nígbà mìíràn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá jáwọ́ lọ́sẹ̀ kẹta pé kò ṣiṣẹ́ kò tíì dán an wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà: kì í ṣe gbogbo ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló ń mú irorẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ apá kò ní estrogen nínú, progestin nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè mú irorẹ́ jáde lójú ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Hóró oògùn tí wọ́n ń lò ní kánjúkánjú lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò bá irorẹ́ tan rárá. Orúkọ kan náà ni a ń pe gbogbo wọn ní Yorùbá. Ibi tí orúkọ kan bá ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ẹni tó ń rà á ló máa jìyà rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ewu. Èyí tó le jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, sábà ní ẹsẹ̀, kó sì wá ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo iye rẹ̀, kí ẹ̀rù má baà bà wá ju bó ti yẹ lọ. Gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ṣe ṣírò rẹ̀, nínú 10,000 obìnrin tí kò lo oògùn yìí, tí wọn kò sì lóyún, nǹkan bí 2 ló máa ń ní in lọ́dún kan. Nínú 10,000 tó ń lo oríṣi tó ní levonorgestrel tàbí norgestimate, ó jẹ́ 5 sí 7. Fún drospirenone, tó wà nínú Yaz, ó jẹ́ 9 sí 12. Ó pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ oyún fúnra rẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì ju oògùn náà lọ: FDA ṣírò rẹ̀ sí 5 sí 20 nínú 10,000 fún aláboyún, àti 40 sí 65 fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn tó ń sọ pé oògùn yìí ń pani kì í dárúkọ ìyẹn. Ọdún àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ ga jù, ó sì tún ń ga bí èèyàn bá dá a dúró fún bí oṣù kan tó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń mu ún lóṣù yìí, tó ń fo oṣù tó ń bọ̀ nítorí owó, ń padà síbi ewu yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ewu yẹn kò rí bákan náà fún gbogbo wa, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ẹni tí túúlu rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú níwájú ojú, tàbí kí apá kan ibi tó ń wò ṣókùnkùn kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kò gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ní estrogen, torí ó lè fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ń mu sìgá kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tó le, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà wá nǹkan mìíràn fún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ná, bẹ́ẹ̀ wíwọ̀n yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́, tó sì jẹ́ tiwa pátápátá. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ti ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì lára fúnra rẹ̀. Ní 2024, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà yí ìmọ̀ràn tó ti ń fúnni tẹ́lẹ̀ padà, ó ní kí ẹni tó ní àrùn náà má lo oògùn tó ní estrogen. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ jínótáìpù rẹ̀ torí ìgbéyàwó nìkan. Ẹ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn náà, kódà bí wọn kò bá bi yín.

Ní ti àìrọ́mọbí tó ń ba àwọn ìyá lẹ́rù, oògùn oníhóró yìí kì í pa ilé ọmọ. Bí obìnrin bá dá a dúró, ẹyin rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì lè lóyún láìpẹ́. Ní ti jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ pín sí méjì: ó ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ọmú nígbà tí èèyàn ń lò ó, ó sì ń dín ti ilé ẹyin àti ti ara ògiri ilé ọmọ kù. Àwọn ohun kéékèèké tún wà, bí èébì, ọmú tó ń ro, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń dà láàárín oṣù. Wọ́n sábà máa ń lọ láàárín oṣù mẹ́ta.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba oríṣi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diane-35, tó ní cyproterone nínú. Irorẹ́ gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ní Yúróòpù, àmọ́ àwọn obìnrin púpọ̀ ń lò ó láti má lóyún nìkan. Ní oṣù kìíní 2013, ilẹ̀ Faransé kéde pé wọn yóò dá títà rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì. Àjọ Yúróòpù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún yẹn, wọ́n ní àǹfààní rẹ̀ ṣì ju ewu lọ, bó bá jẹ́ fún irorẹ́ tó le tí ìpara àti oògùn apakòkòrò kò ràn, tí obìnrin náà kò sì pa á pọ̀ mọ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhọ́mọ́nù mìíràn. Orúkọ ló fa ìyẹn náà: torí kò jẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lórí páálí, obìnrin lè máa lo èkejì mọ́ ọn láìmọ̀ pé estrogen méjì ni òun ń mu.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Spironolactone ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1950. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni, wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa tí ẹsẹ̀ fi ń wú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó tún máa ń jókòó síbi tó yẹ kí androgen jókòó sí lára àpò ọ̀rá, kí àṣẹ rẹ̀ má baà wọlé. Títí di òní, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kò gba ìwé àṣẹ láti tà á fún irorẹ́, àwọn dókítà ló ń lò ó bẹ́ẹ̀ lórí ìmọ̀ tiwọn. Òfin gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ irorẹ́ kankan nínú ìwé pélébé rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún á ka "ẹ̀jẹ̀ ríru" síbẹ̀, á rò pé ẹni tó ń ta oògùn ti ṣì í fún.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rí tó wà fún un kò tó nǹkan. Ní 2023, ìwé ìròyìn BMJ gbé àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe fún obìnrin 410 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Wọ́n fún àwọn kan ní spironolactone, 50 mg lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 100 mg, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó lo oògùn sọ pé irorẹ́ wọn dín kù, ìdá 68 lára àwọn tí kò lò ó náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 24, ó di 82 sí 63. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé sùúrù oṣù mẹ́fà ni oògùn yìí ń fẹ́.

Ewu rẹ̀? Ó lè mú kí nǹkan oṣù dàrú, kí ọmú máa ro, kí òòyì máa kọ́ni, kí èèyàn máa lọ tọ̀ ṣáá, èyí tí kì í ṣe ohun tó dùn mọ́ni nínú ìdánwò oníwákàtí mẹ́ta. Ó tún ń mú kí potassium pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá sì pọ̀ jù, ó lè da ọkàn rú. Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2015 wo ọ̀rọ̀ yẹn lára àwọn obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí ara wọn sì le: potassium tó ga jù kò wọ́pọ̀ lára wọn ju ti ẹni tí kò lò ó lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà awọ ní Amẹ́ríkà kò fi ní kí irú wọn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè mọ́. Ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá yàtọ̀. Ohun tó yẹ kí àwa tiẹ̀ ṣọ́ra fún jù ni Septrin. Trimethoprim inú rẹ̀ náà ń gbé potassium sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni Septrin wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ ilé, tí a ń mu ún bí inú bá ti run wá. Kí ẹni tó wà lórí spironolactone má ṣe bẹ́ẹ̀.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bó ṣe ń dí androgen lọ́nà lára awọ, ó lè dí i lọ́nà lára ọmọkùnrin tó wà nínú oyún, tó sì nílò rẹ̀ kí ojú ara rẹ̀ tó lè pé. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń kọ oògùn méjèèjì pọ̀ nígbà mìíràn: ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń ran èkejì lọ́wọ́, ó sì ń dènà oyún.

Ìpara kan tún wà báyìí, clascoterone, tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2020. Ó ń dí androgen lọ́nà lórí awọ níbẹ̀, ọkùnrin náà sì lè lò ó, láti ọmọ ọdún 12. Ó wọ́n, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ fa ojú yín mọ́ra.

Ìpara tí kò yẹ kó wà níbẹ̀

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lórí họ́mọ́nù kan tí a ń fi sójú láìmọ̀ pé họ́mọ́nù ni. Betamethasone àti clobetasol, tó wà nínú àwọn ìpara inú túùbù tí wọ́n ń tà kiri ọjà, ará ilé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú họ́mọ́nù tí ara fi ń pa wíwú. Bí ẹ bá fi sí irorẹ́ lálẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó ti rọlẹ̀ láàárọ̀. Ìdí tó fi ń tà nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, iṣan á máa hàn, irorẹ́ mìíràn tó kéré tó sì pọ̀ á jáde, bí ẹ bá sì dá a dúró, gbogbo rẹ̀ á tún ru sókè. Obìnrin tó ń bẹ̀rù oògùn tí dókítà kọ fún un torí pé ó ní họ́mọ́nù ni mo ń rí tó ń pa èyí lójú láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo dábàá pé kí a máa pe oògùn àkọ́kọ́ ní "oògùn họ́mọ́nù méjì" nígbà tó bá jẹ́ irorẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, kí nọ́ọ̀sì sì sọ gbólóhùn kan mọ́ ọn: "Ó ń tọ́jú ojú, ó sì ń dènà oyún." Olùbẹ̀wò mi ní ó gùn. Mo bá a tò ó sí gbólóhùn ewu náà, èyí tí kò ṣeé gé kúrú: bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò délẹ̀, bí orí bá fọ́ lọ́nà tí kò tíì gbà fọ́ rí, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu tàbí tí apá kan ara kú tipiri, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.